Ẹ̀rọ àwo àkọ́kọ́ fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀: èwo ló yẹ kéèyàn rà?

Tuntun Nídìí Àwo, Ìjẹ̀bú-Igbó

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin àgbà ilé. Mo fẹ́ ra ẹ̀rọ àwo, àkọ́kọ́ tí mo máa ní nìyí. Ọgọ́ta ni àwo tó wà nílẹ̀: àpàlà, wákà, jùjú, àti fújì díẹ̀. LP, àwo ńlá tó ń gba orin púpọ̀, ló pọ̀ jù, àmọ́ méje nínú wọn wúwo, wọ́n le gbandi, 78 ni wọ́n kọ sí àárín wọn. Rẹdiogíráàmù àtijọ́ kan wà ní pálọ̀, kò sọ̀rọ̀ mọ́. Ṣé kí n tún un ṣe ni, àbí kí n ra tuntun, àbí tòkunbọ̀? Àwọn ẹ̀rọ tó dà bí àpótí ìfàlọ́wọ́, tí sípíkà wà nínú wọn, àwọn yẹn ńkọ́? Wọn ò wọ́n, wọ́n sì rẹwà lójú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ohunkóhun pamọ́ fún mi.

Ọmọ Alárè, Ìjẹ̀bú-Òde

Káàbọ̀ o. Ẹ má tíì wo ẹ̀rọ. Àwo ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, torí àwo ló ń yan ẹ̀rọ.

Àwọn méje yẹn, tí 78 ara wọn jẹ́ iye ìgbà tí wọ́n ń yí ní ìṣẹ́jú kan, kì í ṣe fáínììlì, ìyẹn ike, bíi ti LP. Ṣẹ́láàkì ni wọ́n fi ṣe wọ́n, bó bá já bọ́, á fọ́ sí wẹ́wẹ́ bí abọ́ tánganran. Ilà tí wọ́n gbẹ́ sójú wọn fẹ̀ gan-an ju ti LP lọ. Mil ni wọ́n fi ń wọn orí abẹ́rẹ́, ìyẹn ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ínṣì: abẹ́rẹ́ 78 jẹ́ mil 3, ti LP jẹ́ nǹkan bíi mil 0.7. Bí ẹ bá gbé abẹ́rẹ́ LP lé 78, ìsàlẹ̀ ilà ni yóò máa wọ́ lọ, nínú eruku tó ti ń jókòó síbẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, ariwo á wá bo ohùn olórin mọ́lẹ̀. Bí ẹ bá sì gbé ti 78 lé LP, ẹ ti ba LP yẹn jẹ́ nìyẹn, kò ní àtúnṣe.

Ní Ìjẹ̀bú-Igbó, 78 nínú ilé kò yẹ kó yani lẹ́nu. Haruna Ishola, olórin àpàlà, ọmọ ìlú yín, ọdún 1948 ló ṣe àwo rẹ̀ àkọ́kọ́. Ọdún yẹn gan-an ni Columbia ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé LP jáde ní Amẹ́ríkà, ọdún tó tẹ̀ lé e ni RCA Victor gbé 45 tirẹ̀, àwo kékeré tó ń yí ní ìgbà 45 ní ìṣẹ́jú kan, jáde. Ẹni tó bá ń kó àpàlà jọ láti ìbẹ̀rẹ̀ yóò bá 78 pàdé dandan.

Nítorí náà, tó bá jẹ́ ẹ̀rọ kan ṣoṣo lẹ fẹ́ kó gbọ́ gbogbo ọgọ́ta, ẹ wá èyí tó ń sá eré mẹ́ta, 33⅓, 45 àti 78, tí abẹ́rẹ́ rẹ̀ sì ṣe é yọ. Audio-Technica AT-LP120XUSB wà bẹ́ẹ̀. Kátíríìjì VM95E, ìyẹn orí kékeré tó gbé abẹ́rẹ́ dání, ló ń bá a wá, abẹ́rẹ́ iwájú rẹ̀ kì í lo ìdè kankan: ẹ fà á jáde pẹ̀lú ọwọ́, ẹ ti abẹ́rẹ́ 78 tí wọ́n ṣe fún VM95 bọ ibẹ̀, ó parí. Abẹ́rẹ́ 78 yẹn ní ìwọ̀n tirẹ̀ tí a ń fi tẹ àwo, ẹ ka ìwé inú páálí rẹ̀ kí ẹ tó gbé e kalẹ̀.

Oníwáyà, Ṣágámù

Ẹ̀gbọ́n ti sọ ti àwo. Ti iná ni tèmi, torí ibẹ̀ ni owó àwọn tó ń ra tòkunbọ̀ ti máa ń ṣòfò.

Iná tiwa ní Nàìjíríà jẹ́ fólítì 230, 50 Hz. Hz ni iye ìgbà tí iná ń lọ tó ń bọ̀ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ti Amẹ́ríkà jẹ́ 120, 60 Hz. Ti Japan jẹ́ 100, apá kan ìlú wọn ń lo 50 Hz, apá kejì ń lo 60. Ọ̀rọ̀ fólítì kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni. Ẹni tó ń tajà á ní kí ẹ lọ ra tiransifọ́mà tó ń sọ 230 di 110, ọ̀rọ̀ bùṣe. Kò tíì bùṣe. Tiransifọ́mà kì í pààrọ̀ Hz. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ àwo àtijọ́ ló sì ní irú mọ́tọ̀ tó jẹ́ pé Hz iná ló ń sọ fún un bó ṣe máa sáré tó. Èyí tí wọ́n ṣe fún 60, tí ẹ wá tì bọ iná 50, ìdá márùn-ún nínú mẹ́fà eré rẹ̀ ló máa sá. 33⅓ á di 27.8. Orin á máa fà, ohùn á sọ̀ kalẹ̀ débi pé wákà á dà bíi pé ọkùnrin ló ń kọ ọ́. Kò sí bọ́tìnnì tí ẹ fẹ́ tẹ̀ tó máa wo èyí sàn.

Ẹ yí ẹ̀rọ padà, ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sí ìdí rẹ̀:

- "120V 60Hz" nìkan, tí okùn iná sì wọlé tààrà sínú ẹ̀rọ: ẹ fi sílẹ̀, àfi tí ẹ bá dá a mọ̀ dájú pé eré rẹ̀ kò tẹ̀ lé Hz. Àwọn ilé iṣẹ́ bíi Thorens àti Dual ṣe púlì, kẹ̀kẹ́ kékeré tó ń fa bẹ́líìtì, ọ̀tọ̀ fún 50 àti ọ̀tọ̀ fún 60, àmọ́ kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ má lọ fi ọwọ́ ara rẹ̀ wá wàhálà púlì.
- Adapter kékeré ló ń gbé iná fún un, tí wọ́n kọ "DC" síbi tí iná ti ń jáde lára adapter náà: kò sí ìṣòro Hz. Tí adapter bá gba 100–240V, ẹ tì í bọ iná wa tààrà. Tí kò bá gbà á, adapter nìkan lẹ máa pààrọ̀. Àmì fólítì, àmì + àti −, àti agbára rẹ̀ gbọ́dọ̀ bá ti tẹ́lẹ̀ mu.
- Tí wọ́n kọ "quartz" sí i, tí mọ́tọ̀ fúnra rẹ̀ sì ń yí àtẹ tí àwo ń jókòó lé láìsí bẹ́líìtì, bíi Technics SL-1200MK2 tó jáde ní 1979: eré rẹ̀ kò ka Hz sí. Tó bá jẹ́ ti Amẹ́ríkà, tiransifọ́mà nìkan ló fẹ́.

Mọ́tọ̀ tó ń tẹ̀ lé Hz yìí náà ni jẹnẹrétọ̀ máa ń dà láàmú. Jẹnẹrétọ̀ kékeré kì í dúró sójú kan. Bí ẹrù orí rẹ̀ bá fúyẹ́, Hz á gòkè kọjá 50. Bí fíríìjì bá wá ta kìjí lójijì, á já wálẹ̀, orin náà á sì já wálẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Ẹni tó bá mọ̀ pé jẹnẹrétọ̀ ni òun á máa fi gbọ́ àwo lọ́pọ̀ ìgbà, kó yáa ra èyí tó ń lo adapter DC tàbí quartz. Inverter dáa ju jẹnẹrétọ̀ lọ, àmọ́ kó jẹ́ oníná tó dán, èyí tí wọ́n kọ "pure sine wave" sí lára. Àwọn tí owó wọn kéré jù máa ń mú kí mọ́tọ̀ àti amplifier máa kùn.

Ìyá Àwo, Ìpẹ̀rù

Ọmọ mi, fi àpótí ìfàlọ́wọ́ yẹn sílẹ̀. Mo mọ̀ pé ó rẹwà.

Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ló ń lo kátíríìjì seramíìkì, gíráàmù 5 sí 6 ló fi ń tẹ àwo. Gíráàmù 2 ni VM95E tí Ọmọ Alárè dárúkọ fi ń tẹ̀ ẹ́. Apá rẹ̀, ìyẹn irin tó gbé kátíríìjì dání, kò ṣe é tún ṣe, o kò lè dín ìwọ̀n náà kù, o kò lè fi kún un. Abẹ́rẹ́ sàfáyà tó sábà máa ń bá a wá ń tètè jẹ, kì í ṣe dáyámọ́ǹdì. Sípíkà tó wà nínú àpótí kan náà tún ń gbọn abẹ́rẹ́ bó ṣe ń kọrin, ìdí nìyẹn tí ìlù tó rinlẹ̀ fi máa ń mú un fò. Àpàlà tó jẹ́ pé àgìdìgbo ló gbé e ró, báwo ló ṣe máa ṣe é? Kì í ṣe ọjọ́ kan ni yóò ba àwo jẹ́ o. Àmọ́ àwo tó jẹ́ pé bó bá bàjẹ́ o kò ní rí òmíràn rà, èèyàn kì í fi irú rẹ̀ dánra wò.

Fún àwọn tó ń ka ọ̀rọ̀ yìí tí wọn ò ní 78 rárá: ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fojú tẹ́ńbẹ́lú AT-LP60X. O tẹ bọ́tìnnì, apá á gbéra fúnra rẹ̀, á sọ̀ sórí àwo, bí ojú kan bá parí á padà sí ipò rẹ̀. Ilé iṣẹ́ ti díwọ̀n rẹ̀, preamp tó ń gbé ohùn abẹ́rẹ́ ga wà nínú rẹ̀, abẹ́rẹ́ ATN3600L rẹ̀ kò ṣòro yọ. Fún ilé tí àgbàlagbà tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n tàbí ọmọdé wà, mi ò rí èyí tó dáa jù ú lọ lẹ́nu owó rẹ̀. Àléébù rẹ̀ ni pé 33⅓ àti 45 nìkan ló ń sá, o kò sì lè gbé kátíríìjì tó dáa ju tirẹ̀ lọ sí i lọ́jọ́ iwájú.

Tuntun Nídìí Àwo

Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun, Ìyá. Ẹ̀rọ kan wà tí wọ́n fi hàn mí lọ́jà Òkè-Àjẹ́: "120V 60Hz" ló wà ní ìdí rẹ̀, bẹ́líìtì inú rẹ̀ sì ti yọ́, ó dà bí ọ̀dà títì. Wọ́n ní bẹ́líìtì nìkan ló kù. Rẹdiogíráàmù ńkọ́? Ṣé kí n gbàgbé rẹ̀ ni?

Oníwáyà, Ṣágámù

Ti Òkè-Àjẹ́, ẹ fi sílẹ̀ fún wọn. Bẹ́líìtì ọ̀dà ṣe é nù kúrò pẹ̀lú sípírítì, bẹ́líìtì tuntun sì ṣe é rà. 60 Hz ni kò ṣe é nù.

Bí ẹnikẹ́ni bá ní kò sí wàhálà, ẹ ní kó jẹ́ kí ẹ kà á. Ẹ lẹ bébà kékeré kan mọ́ etí àtẹ, ẹ gbé e sí 33, ẹ gbé àwo lé e, kí abẹ́rẹ́ wà lórí àwo, torí abẹ́rẹ́ náà ń fà á díẹ̀. Ẹ tan aago fóònù yín. Láàárín ìṣẹ́jú 3 gééré, bébà yẹn gbọ́dọ̀ kọjá níwájú yín ní ìgbà 100, torí 33⅓ lọ́nà mẹ́ta, 100 ni. Tó bá jẹ́ 60 Hz lórí iná wa, 83 lẹ máa kà. Fún 45, ìgbà 90 ní ìṣẹ́jú 2. Tí ẹ bá rí 99 sí 101, ẹ sanwó. Kíka yìí kò ná yín ní kọ́bọ̀, kò sì sí ọ̀rọ̀ dídùn tó lè yí i padà.

Ní ti rẹdiogíráàmù, ẹ má gbàgbé rẹ̀, àmọ́ ẹ má tì í bọ iná. Ẹ̀rọ àwo inú ọ̀pọ̀ nínú wọn, Garrard tàbí BSR ni, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti ṣe é, 50 Hz bíi tiwa. Ọ̀pọ̀ ń sá eré mẹ́rin: 16, 33, 45, 78. Ẹ wo abẹ́ orí apá rẹ̀, ẹ lè rí irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ṣe é yí: ojú kan LP, ojú kejì 78. Abẹ́rẹ́ méjì ló wà níbẹ̀. Fún àwọn méje tó wúwo yẹn, wọ́n kúkú ti ṣe é sílẹ̀ fún wọn. Mi ò ní gbé LP lé e ní tèmi, torí ó wúwo lórí àwo.

Ohun tó sábà ń pa á ni gíríìsì tó ti gan, àti táyà rọ́bà kékeré tó wà láàárín mọ́tọ̀ àti àtẹ. Táyà náà ti le, ó ti tẹ̀ lápá kan, ìdí nìyẹn tó fi ń ṣe "gbù-gbù-gbù" lábẹ́ orin. Kí oníṣẹ́ nu gíríìsì àtijọ́ kúrò pẹ̀lú sípírítì, kó fi epo fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tuntun sí i, kó sì fi sáńpéépà dídán ha ojú táyà. Tó bá jẹ́ oníná gílóòbù, ìyẹn oní-fáàfù, oníṣẹ́ rédíò tó mọ fáàfù nìkan ni kó ṣí i. Kapásítọ̀ inú rẹ̀ ń di iná mú lẹ́yìn tí ẹ bá ti yọ ọ́ lára iná, ó lè gbá èèyàn pa. Kapásítọ̀ tó ti darúgbó náà lè bú lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí ẹ bá tan án lẹ́yìn ọdún pípẹ́. Kí wọ́n pààrọ̀ ìwọ̀nyẹn kí iná tó dé ibẹ̀.

Abẹ́rẹ́ Dáyámọ́ǹdì, Àgọ́-Ìwòyè

Gbogbo ohun tí wọ́n ti sọ dáa, àmọ́ ọ̀pọ̀ ló ń ra ẹ̀rọ tó dáa tí wọ́n wá tò ó láìdáa. Ẹ jẹ́ ká to LP120 tàbí èyíkéyìí tó ní irin wíwúwo lẹ́yìn apá.

Kí tábìlì tẹ́jú kọ́kọ́. Ẹ gbé lẹ́fẹ̀lì bíríkìlà lé àtẹ, sí gígùn àti sí ìbú, ẹ fi ẹsẹ̀ ẹ̀rọ tún un ṣe. Ẹ yí anti-skate, bọ́tìnnì tí kì í jẹ́ kí apá fà jù sí àárín àwo, sí 0. Ẹ yọ ìbòrí abẹ́rẹ́. Ọ̀pọ̀ ń gbàgbé èyí, wọ́n á díwọ̀n apá pẹ̀lú ìbòrí lórí, bí wọ́n bá wá yọ ọ́, ìwọ̀n ti yí padà. Ẹ tú apá kúrò nínú ìdè rẹ̀, ẹ dì í mú pẹ̀lú ìka kan kí abẹ́rẹ́ má gbá nǹkan kan. Ẹ máa yí irin ẹ̀yìn díẹ̀díẹ̀. Bí orí bá ń jà wálẹ̀, ẹ yí i sẹ́yìn. Bí orí bá ń yọ sókè, ẹ yí i síwájú. Ibi tí ẹ ń wá ni ibi tí apá á ti léfòó gbọọrọ, tí kò ní lọ sókè, tí kò ní wá sílẹ̀, tí ẹ bá fẹ́ atẹ́gùn sí i pẹ̀lẹ́ á mì, á tún dúró. Òfo nìyẹn.

Ẹ dá apá padà sí ìdè rẹ̀. Ẹ di irin mú kó má yí, ẹ yí òrùka tó ní nọ́ḿbà nìkan kí 0 wà lókè. Ní báyìí, ẹ yí irin àti òrùka papọ̀ síwájú títí nọ́ḿbà 2 á fi wà lókè. Gíráàmù 2 nìyẹn, VM95E sì gba 1.8 sí 2.2. Ẹ yí anti-skate sí 2 pẹ̀lú.

Àwọn kan máa ń rò pé tí àwọn bá fi 1.2 sí i, àwọn ń ṣàánú àwo. Rárá o. Abẹ́rẹ́ tó fúyẹ́ jù máa ń fò nínú ilà, ó ń gbá ògiri rẹ̀ lọ́tùn-ún lósì, ìyẹn ló sì ń họ àwo ju 2.2 lọ. Ẹ bá abẹ́rẹ́ lọ síbi tí ilé iṣẹ́ ní kó wà.

Tí ẹ bá fẹ́ ní ìdánilójú, òṣùwọ̀n kékeré tí alágbẹ̀dẹ wúrà ń lò, tó ń ka 0.01, tó bẹ́ẹ̀. Ohun kan péré: tí ojú òṣùwọ̀n bá jẹ́ irin tí mágínẹ́ẹ̀tì ń fà, mágínẹ́ẹ̀tì inú kátíríìjì á máa fà á, nọ́ḿbà á sì parọ́. Ẹ to ike kékeré lé e kí abẹ́rẹ́ jìnnà sí irin, ẹ tẹ̀ ẹ́ padà sí 0, kí ibi tí abẹ́rẹ́ máa sọ̀ sí sì bá ojú àwo dọ́gba bó bá ṣe lè ṣeé ṣe tó.

Bí ẹ bá fúnra yín dè kátíríìjì mọ́ orí apá, ẹ lo bébà ìdíwọ̀n tó ní àmì méjì, 66.0 mílímítà àti 120.9 mílímítà sí àárín ihò. Ní àmì méjèèjì, ẹ̀gbẹ́ kátíríìjì gbọ́dọ̀ bá ilà bébà lọ gbọọrọ. Tó bá wọ́, "s" ẹnu olórin á máa tu "ṣṣṣ", pàápàá nígbà tí abẹ́rẹ́ bá sún mọ́ àárín àwo.

Ìyá Àwo, Ìpẹ̀rù

Mo fẹ́ fi ti kọ́bọ̀ kún un. Ẹ má ṣe lẹ owó kọ́bọ̀ mọ́ orí apá nítorí pé àwo ń fò. Àwọn èèyàn ti ń ṣe é tipẹ́, ọ̀pọ̀ LP tó ń ta ṣàà-ṣàà lónìí, owó kọ́bọ̀ ló pa á. Àwo tó ń fò ń sọ pé nǹkan kan wà: eruku so mọ́ abẹ́rẹ́, tàbí tábìlì ṣẹ́gbẹ̀ẹ́, tàbí apá di ibì kan mú, tàbí abẹ́rẹ́ ti jẹ tán. Wá a kàn.

Àpàlà Lọ́sàn-án, Odògbólu

Ẹnikẹ́ni ò tíì sọ ibi tí ohùn máa gbà jáde. Ohùn tó ń jáde lẹ́nu kátíríìjì, kékeré ni, mílífólítì 4 péré ni ti VM95E. Yàtọ̀ sí pé ó kéré, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ dín ohùn ìsàlẹ̀ kù nígbà tí wọ́n ń gbẹ́ àwo ni, kí ilà má baà fẹ̀ jù, wọ́n sì gbé ohùn òkè ga. Láti 1954 ni òdiwọ̀n RIAA, ẹgbẹ́ àwọn ilé iṣẹ́ àwo ní Amẹ́ríkà, ti wà fún èyí. Phono preamp ló ń dá a padà sí bó ṣe yẹ. Nítorí náà, bí ẹ bá ti okùn bọ AUX láìsí preamp, ohùn á jìnnà, á tín-ín-rín bíi pé inú kòròbà ló ti ń bọ̀, ìlù á pòórá. Ẹ̀rọ yín kò bàjẹ́, preamp ni kò sí.

LP60X àti LP120 ní preamp nínú, àyípadà kékeré kan wà lára wọn: LINE tàbí PHONO. Bí amplifier yín bá ní ihò PHONO, bí ọ̀pọ̀ èyí tí wọ́n ṣe láyé 1970 sí 1989 ṣe ní, ẹ yan ọ̀kan nínú méjì: àyípadà sí PHONO kí ẹ sì tì í bọ PHONO, tàbí àyípadà sí LINE kí ẹ tì í bọ AUX. Tí ẹ bá pa preamp méjì pọ̀, ohùn á ya, á pariwo burúkú, ó lè jó sípíkà. Home theatre tó wà nílé ọ̀pọ̀ èèyàn, AUX nìkan ló ní, LINE lẹ máa lò.

Tí "ùùùù" bá ń dún lábẹ́ orin, ẹ wá wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ tó ní orí bíi fọ́ọ̀kì, ẹ dè é mọ́ ibi tí wọ́n kọ GND sí lẹ́yìn amplifier. Tó bá ṣì ń dún, ẹ sún ẹ̀rọ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiransifọ́mà àti stabilizer. Tí ẹ̀gbẹ́ kan bá dákẹ́, ẹ wo wáyà mẹ́rin tó wà lẹ́yìn kátíríìjì. Funfun àti búlúù ni ti òsì, pupa àti àwọ̀ ewé ni ti ọ̀tún. Ẹ fi ìrésà pẹ́ńsù nu ẹsẹ̀ orí apá tó ń wọ ihò, ìpẹtà ibẹ̀ ló máa ń fa èyí jù.

Tuntun Nídìí Àwo

Mo ti ń rí i kedere. LP120 ló ń wù mí, tàbí Technics tí mo bá rí èyí tó dáa. Tó bá jẹ́ tòkunbọ̀, kí ni mo máa yẹ̀ wò kí n tó sanwó?

Ọmọ Alárè, Ìjẹ̀bú-Òde

Ẹ mú àwo kan tí ẹ mọ orin inú rẹ̀ délẹ̀ dání, pẹ̀lú iná fóònù, àti awò tí ń sọ nǹkan kékeré di ńlá.

Ìka yín ló máa kọ́kọ́ ṣiṣẹ́. Ẹ di orí apá mú pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ẹ mì í síwá sẹ́yìn. Tí ẹ bá gbọ́ "tiki-tiki" níbi tí ó ti ń yí, béárìn rẹ̀ ti ṣí, ẹ máa lọ. Technics tí DJ ti lò sábà máa ń ní èyí, àwọ̀ rẹ̀ lè dán bíi tuntun síbẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ díwọ̀n apá sí òfo bí Abẹ́rẹ́ Dáyámọ́ǹdì ṣe kọ ọ́, kí anti-skate wà ní 0, ẹ fẹ́ atẹ́gùn sí i kó lọ láti etí dé àárín. Kò gbọdọ̀ dúró lójijì níbì kankan.

Ẹ wo abẹ́rẹ́ pẹ̀lú awò àti iná. Orí rẹ̀ gbọ́dọ̀ yípo. Tí ẹ bá rí ojú pẹlẹbẹ méjì tó ń kọ mànà, ó ti jẹ tán, ó ti di ṣíṣẹ́ẹ̀lì káfíńtà. Kì í ṣe ìdí láti má ra ẹ̀rọ náà, ṣùgbọ́n ẹ yọ owó abẹ́rẹ́ tuntun kúrò nínú owó rẹ̀, ẹ má sì fi abẹ́rẹ́ yẹn kan àwo tiyín rárá, àwo tiwọn ni kí ẹ fi dán ohùn wò.

Ẹ tan án, ẹ ka ìgbà 100 ní ìṣẹ́jú 3. Ẹ sún bọ́tìnnì eré síwá sẹ́yìn kí ẹ wò ó bóyá eré rẹ̀ ń fò. Ẹ fetí sí ìparí orin tí ohùn kan ń fà gùn: tó bá ń gbọ̀n, bẹ́líìtì tàbí béárìn àtẹ ló ń ṣe é. Ẹ gbọ́ ẹ̀gbẹ́ òsì nìkan, ẹ gbọ́ ọ̀tún nìkan. Paríparí rẹ̀, ẹ tún ka ìdí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i.

Bí owó yín bá mọ níwọ̀n, mo rò pé kí ẹ tún rẹdiogíráàmù ṣe fún 78, kí ẹ ra LP60X tuntun fún LP. Bí owó yín bá ká a, LP120. Technics ni mo máa yàn fún ẹni tó ní oníṣẹ́ nítòsí.

Ìyá Àwo, Ìpẹ̀rù

Àwo tó ti pẹ́ nílẹ̀ kò gbọdọ̀ bá abẹ́rẹ́ tuntun pàdé láìwẹ̀. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ lítà kan, ọṣẹ ìfọbọ́ ẹ̀kán méjì. Fi ike bo bébà àárín, tàbí kí o di àwo mú ní òró kí omi má kàn án. Búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ ni, kó sì máa tẹ̀ lé ilà yípo, má gbá a kọjá ilà. Fi omi tí wọ́n ti sè tí wọ́n gba òógùn rẹ̀ ṣan án. Omi bátìrì tí kò ní ásíìdì tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ ka ara rọ́bà rẹ̀ dáadáa, torí ásíìdì náà wà nínú rọ́bà tó jọ ọ́. Tò ó ní òró kó gbẹ, má gbé e sí oòrùn.

Àwọn méje tó wúwo: omi àti ọṣẹ nìkan, kó má pẹ́ nínú omi. Ọtí àti sípírítì léèwọ̀ fún wọn, torí ọtí ló ń yọ́ ṣẹ́láàkì, ojú àwo á yọ́ mọ́ ọ lọ́wọ́. Kẹrosíìnì léèwọ̀ fún gbogbo wọn.

Ìgbà ọyẹ́, eruku àti iná ara ni ọ̀tá. Fi búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ gbá a kí o tó gbé abẹ́rẹ́ lé e, kí o sì máa de ìbòrí ẹ̀rọ. Ìgbà òjò, ebu. Má to àwo mọ́ ògiri tó ń lomi, má tò wọ́n sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nítorí ikán. Òró ni kí wọ́n dúró, kì í ṣe kí wọ́n gorí ara wọn. Tí o bá ra àwo bọ̀ láti Èkó, má fi wọ́n sílẹ̀ nínú mọ́tò tí oòrùn ń pa, wọ́n á ti wọ́ kí o tó délé.

Abẹ́rẹ́ Dáyámọ́ǹdì, Àgọ́-Ìwòyè

Ẹ má gbé ẹ̀rọ àti sípíkà sórí tábìlì kan náà. Kí ẹ mọ̀ bóyá tábìlì dáa, ẹ gbé abẹ́rẹ́ lé àwo tí kò yí, ẹ ṣí ohùn díẹ̀, ẹ fi ìka kan tábìlì. Bí "gbì" bá jáde ní sípíkà, ohun tí ìka yín ṣe yẹn ni ìlù máa ṣe sí i.

Ẹ tún fi bírò kọ ọjọ́ tí abẹ́rẹ́ tuntun wọlé sí ẹ̀yìn páálí rẹ̀. Audio-Technica fún irú abẹ́rẹ́ VM95E ní wákàtí 300. LP kan, ojú méjèèjì, jẹ́ nǹkan bí ìṣẹ́jú 40, nítorí náà LP 450 ni. Ẹ ní LP 53. Bí ẹ bá gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán ní ìgbà mẹ́jọ, 424 nìyẹn, kí abẹ́rẹ́ tó kàn ti wà nílé.